Bí Ọlọ́run Ṣe Mú Bàbá Fúnmi Jáde Nínú Yàrá

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, mo kí gbogbo yín. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tó jẹ́ kí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì yìí tún ṣí, tó sì jẹ́ kí èmi náà wà lára àwọn tó gba ibẹ̀ wọlé. Mo dúpẹ́ pé mo tún rí ojú yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdajì ojú ni mò ń rí nítorí aṣọ tí gbogbo wa fi bo imú àti ẹnu. Láàárọ̀ yìí, mo rí ẹnì kan lẹ́nu ọ̀nà, mo pè é ní Ìyá Táyọ̀, mo béèrè gbogbo ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń dá mi lóhùn dáadáa. Ìgbà tó fa ìbòmú rẹ̀ sílẹ̀ ni mo tó rí i pé kì í ṣe Ìyá Táyọ̀ rárá. Ó ní kò burú, pé òun náà ti rò pé ẹlòmíràn ni mí.

Pásítọ̀ ní kí ẹni tó bá fẹ́ jẹ́rìí má pẹ́ o. Mo ti bẹ̀ wọ́n. Mo ní mi ò kàwé púpọ̀, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sáré sọ̀rọ̀. Bí mo bá sáré, n ó fo ibi tí Ọlọ́run wà nínú ọ̀rọ̀ náà kọjá. Torí náà ẹ fara balẹ̀ fún mi.

Ẹ̀rí ọkọ mi ni mo fẹ́ jẹ́. Ẹ mọ Bàbá Fúnmi. Òun ni bàbá gíga, tẹ́ẹ́rẹ́, tó máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lọ́hùn-ún, tó máa ń wo aago ọwọ́ rẹ̀ bí ìwàásù bá ti ń gùn. Bàbá Fúnmi, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Mo sọ fún yín nílé pé n ó sọ ọ́, ẹ ò ní kí n má sọ ọ́.

Jákàńdè Ìsọlọ̀ ni à ń gbé, ní òkè, ní ọ̀kan nínú àwọn ilé tí ìjọba kọ́ nígbà tí àwọn ọmọ wa ṣì kéré. Àwọn ọmọ ti lọ sílé tiwọn, ó ku èmi àti Bàbá. Mò ń ta ẹ̀wà àti gààrí ní Apakun kí ìjọba tó ní kí oníkálukú jókòó sílé. Bàbá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba tipẹ́. Iṣẹ́ tó kù fún un ni kó gbọ́ ìròyìn, kó sì wá sọ ọ́ fún mi bíi pé èmi ò sí nínú pálọ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́.

Nígbà tí kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀, inú mi kọ́kọ́ dùn díẹ̀. Mo ní ẹsẹ̀ mi á sinmi. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí, n kò ní parọ́ nínú ilé Ọlọ́run. Bí ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn bá ké kọjá ní títì, ara mi á tutù láti orí dé ẹsẹ̀. Ẹ mọ bí ìgbà yẹn ṣe rí. Gbogbo ẹsíteètì pa rọ́rọ́, títí kan àwọn ọmọ tó máa ń fi bọ́ọ̀lù gbá fèrèsé wa. Ṣùgbọ́n èmi, bí ẹ̀rù bá ń bà mí, mo máa ń wá nǹkan fọ̀ ni. Mo fọ kọ́tìnì. Mo fọ ìkòkò tí mi ò tíì lò láti ìgbà ìkómọ àkọ́bí Fúnmi. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, á ti rẹ̀ mí, ẹ̀rù náà á sì ti rẹ̀.

Ti Bàbá kò rí bẹ́ẹ̀. Etí ni ẹ̀rù ń gbà wọlé sí i lára. Fúnmi ra fóònù kan fún un, èyí tí wọ́n ń fi ìka fà lójú. Láti inú fóònù yẹn ni àwọn èèyàn ti ń wá bá a sọ̀rọ̀. Ẹnì kan á gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ láti ìlú òyìnbó, ohùn náà á máa gbọ̀n, a ò mọ orúkọ rẹ̀, a ò mọ ilé bàbá rẹ̀, Bàbá á sì gbà á gbọ́. Ẹnì kan ní kí a máa mu omi iyọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹlòmíràn ní omi iyọ̀ gan-an ló ń pa èèyàn. Ìyẹn tún ní kí a máa fọ gbogbo nǹkan tó bá ti ìta wọlé, Bàbá sì gbé búrẹ́dì lọ sábẹ́ ẹ̀rọ omi, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ẹ̀yin ará, búrẹ́dì ni mo wí.

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Bàbá Fúnmi, ṣé a máa jẹ eléyìí ni, àbí a máa fi wẹ̀?”

Kò rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá eré, torí ọkọ mi fẹ́ràn ẹ̀rín púpọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo ti tètè jí lọ fọ aṣọ. Nígbà tí mo gbé ògì àti àkàrà lọ fún un, mo ti ilẹ̀kùn yàrá, kò ṣí. Ó ti fi kọ́kọ́rọ́ tì í láti inú.

Ó ní, “Má wọlé.”

“Kí ló dé?”

“Mo ní má wọlé, Ìyá Fúnmi. Ó ti wà lára mi.”

“Kí ló wà lára yín?”

Ó wá ní, “Imú mi ti kú. Mo gbé ọṣẹ sí i, mi ò gbọ́ òórùn kankan. Mo gbé lọ́fínńdà tí Fúnmi rà fún mi sí i, bí omi lásán ni. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé àmì rẹ̀ nìyẹn.”

Mo bi í pé ṣé ara rẹ̀ ń gbóná. Ó ní kò gbóná. Mo bi í pé ṣé ó ń wúkọ́.

Ó ní, “Mi ò tíì wúkọ́.”

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń retí àlejò. Ó ní ó ń ṣe òun bíi pé ẹnì kan jókòó lé òun láyà, pé èémí òun kì í délẹ̀, pé ọwọ́ òun ń gbọ̀n. Ó ní òun ò ní jáde, kí òun má baà kó o ràn mí. Ó ní bí ẹnì kan bá máa lọ nínú àwa méjèèjì, kó jẹ́ òun, torí òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbé nìyẹn, èmi ní pálọ̀, òun nínú yàrá. Mo gbé àpótí kékeré kan sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Bí mo bá se oúnjẹ, n ó gbé e sórí àpótí, n ó kan ilẹ̀kùn, n ó sì lọ sí bákónì. Bó bá fẹ́ lọ sí ilé ìwẹ̀, òun náà á kan ilẹ̀kùn láti inú, n ó tún lọ sí bákónì. Àlejò kan tó bá wá ilé wa nígbà yẹn á rò pé a jà ni. Oúnjẹ tí mo bá gbé síbẹ̀, á kàn fi kan ẹnu ni, á dá ìyókù padà. Ọkọ mi tó jẹ́ pé tí mo bá ń se ẹ̀wà, á ti máa rìn yí kíṣìnì ká bí ẹni tó sọ nǹkan nù.

Ẹnì kan ṣoṣo tó tún ń bá ṣe nǹkan pọ̀ ni Alhaja Ṣìfáwù, ará Ọ̀yọ́, tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní ìsàlẹ̀ ilé wa. Fèrèsé yàrá Bàbá wà lórí ṣọ́ọ̀bù náà gẹ́lẹ́. Ó so okùn mọ́ ike, á pe Alhaja lórí fóònù, á sọ ike sílẹ̀, Alhaja á fi nǹkan tó bá fẹ́ rà sínú rẹ̀, á tún fà á gòkè. Láti bákónì, mo máa ń rí ike yẹn tó ń lọ tó ń bọ̀. Mo rò pé bisikíìtì ló ń rà. Mo tilẹ̀ ń dúpẹ́ pé ó ń jẹ nǹkan.

Fúnmi ń gbé ní Ailegun. Kò jìnnà, ṣùgbọ́n ní ìgbà yẹn, ó jìnnà. Ojoojúmọ́ ló ń pè mí. Ó ní, “Màmi, ẹ pe nọ́ńbà tí wọ́n ń fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n á wá yẹ Dádì wò. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ jù.”

Òótọ́ ló sọ. Mo lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn, mo sọ fún Bàbá pé mo fẹ́ pe àwọn elétò ìlera.

Ó ní, “Bí o bá pè wọ́n, ìwọ lo pa mí.”

Kò pariwo sọ ọ́ o. Pẹ̀lẹ́ ló sọ ọ́. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

Mo gbé àga mi wá, mo fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn náà, mo sì jókòó. Bí mo ṣe ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà ni mò ń bá a sọ̀rọ̀. Mi ò sọ ọ̀rọ̀ àìsàn. Mo rán an létí ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá kí bàbá mi ní Òṣòdì, tó lọ yá bàtà ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí bàtà náà tóbi jù ú lọ. Bó ṣe dọ̀bálẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà kan fò kúrò, ó lọ bá adìyẹ ìyá mi níbi tó ti ń jẹ.

Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú. Ó ní, “Bàtà yẹn ò tóbi. Ilẹ̀ yín ló ń yọ̀.”

Mo ní, “Adìyẹ yẹn ò gbà bẹ́ẹ̀.”

Mo gbọ́ pé ó ti wá jókòó sílẹ̀, pé òun náà fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn lápá ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó wá pè mí ní orúkọ tí kì í pè mí níwájú èèyàn.

Ó ní, “Àbẹ̀kẹ́.”

Mo ní, “Ẹ máa wí, mò ń gbọ́.”

“Kì í ṣe ikú ni mò ń bẹ̀rù. Mo ti dàgbà. Ṣùgbọ́n o rí wọn lórí tẹlifíṣọ̀n. Bí èèyàn bá kú sí ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n á wé e sínú ọ̀rá, wọ́n á gbé e lọ. Wọn ò ní jẹ́ kí ẹ gbé mi lọ sí Èkìtì. Ta ló máa wẹ̀ mí? Ta ló máa wọ aṣọ fún mi? Mo kọ́ ilé sílé, mo fi ibi kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi. Wọ́n á lọ sin mí síbi tí ìwọ gan-an ò ní mọ̀.”

Ẹ̀yin ará, gbogbo ìgbà tó ń fọ búrẹ́dì, tó ń gbọ́ ìròyìn, ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Mi ò mọ̀. Mo rò pé mo mọ gbogbo ohun tó wà nínú ọkùnrin yẹn.

Mi ò mọ ọ̀rọ̀ ńlá tí wọ́n ń sọ nírú ìgbà yẹn. Mo ní, “Bàbá Fúnmi, bí wọ́n bá gbé yín, èmi náà á wọ ọkọ̀ yẹn. Wọ́n á ní kí n bọ́ sílẹ̀, mi ò ní bọ́ sílẹ̀. Ẹ mọ̀ mí.”

Ó ní, “Mo mọ̀ ẹ́. O lè jókòó lé dírẹ́bà lórí.”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ṣílẹ̀kùn. Nígbà tí mo sì gbé oúnjẹ wá, kò jẹ ẹ́.

Mo lọ sí bákónì, mo bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n sọ. Mo ní, “Baba, èmi ò mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Bí mo bá pe àwọn èèyàn yẹn, ẹ̀rù lè pa ọkọ mi kí wọ́n tó gun àtẹ̀gùn dé òkè. Bí mi ò bá pè wọ́n, tó bá jẹ́ pé àìsàn náà wà lára rẹ̀ lóòótọ́, èmi ni mo jókòó tì í tó fi kú. Ẹ fi ọ̀nà hàn mí. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀sán ọ̀la tí mi ò tíì rí nǹkan kan, n ó pè wọ́n o.” Bóyá kò yẹ kéèyàn dá àkókò fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ni, kò sì sí ẹlòmíràn tí mo lè dá àkókò fún.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé ẹ̀wà kaná láàárọ̀. Mo ní bí wọ́n bá máa wá gbé e, kó jẹ ẹ̀wà kó tó lọ. Ẹ rántí pé ní ìgbà yẹn, àwa ìyá máa ń pàdé lórí fóònù lọ́sàn-án láti gbàdúrà, oníkálukú nínú ilé tirẹ̀. Bó ṣe tó àkókò, mo rẹ iná gáàsì sílẹ̀, mo gbé fóònù mi lọ sí bákónì, torí níbẹ̀ ni ohùn ti máa ń wọlé dáadáa. Mo sì fa ilẹ̀kùn bákónì dé, kí Bàbá má baà gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn.

Màmá Díákónẹ́ẹ̀sì ló ń darí àdúrà. Màmá, ẹ wà níbí, ẹ ó jẹ́rìí mi. Mo sọ fún wọn pé lọ́sàn-án yìí gan-an ni mo fẹ́ pe àwọn elétò ìlera. Màmá ní ká tó pè wọ́n, ká kọ́kọ́ pe Olúwa. Wọ́n gbé orúkọ Bàbá Fúnmi sókè, wọn ò sì gbé e sílẹ̀ mọ́. Bí ẹnì kan ti ń parí ni ẹlòmíràn ń gbà á. Gbogbo wọn ní, Olúwa, mú un jáde. Mo di ojú mi, mo ń sunkún, mo ń ṣe àmín. Èmi tí mo ti ń se ẹ̀wà láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé, mo gbàgbé pé ìkòkò wà lórí iná.

Ni mo bá gbọ́ ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn yàrá ni, ó ṣí gbàgà, ó lu ògiri. Mo gbọ́ eré ẹsẹ̀. Mo ní ó ti dé nìyẹn, èémí ti gé e. Mo ju fóònù sílẹ̀ lórí àga, mo sáré wọlé.

Mi ò bá a ní pálọ̀. Kíṣìnì ni mo ti bá a. Ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, ó fi ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ di ìkòkò mú, ó ti gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ omi, èéfín ti gba gbogbo ibẹ̀. Inú ń bí i.

Ó ní, “Ìyá Fúnmi, ṣé o fẹ́ jó wa mọ́lé ni? Ẹ̀wà yìí ti ń rùn tipẹ́. Mo ní o wà níbẹ̀, o máa rẹ iná ẹ̀. Mo ní o wà níbẹ̀. Ó wá ń rùn bíi pé ilé ń jó.”

Mo kàn ń wò ó.

Ó ní, “O ò dá mi lóhùn?”

Mo ní, “Ta ló gbọ́ òórùn ẹ̀?”

Ó ní, “Òórùn kí ni?”

Mo ní, “Òórùn ẹ̀wà. Ta ló gbọ́ ọ?”

Ó gbé ìkòkò náà sún mọ́ imú rẹ̀, ó fà á símú. Ó tún un fà. Ó mú ọṣẹ ìfọwọ́, ó gbé e símú. Ó wá yíjú sí mi, ó tẹ̀ ba, ó gbóòórùn ìborùn tí mo so mọ́rí, bí ẹni ń gbóòórùn orí ọmọ tuntun.

Ó ní, “Èéfín àti kàfúrà.”

Ó jókòó lórí àpò gààrí mi, ó sì bú sẹ́kún. Èmi náà jókòó tì í. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ọwọ́ tí mi ò tíì fọwọ́ kàn láti ìgbà tó ti tilẹ̀kùn. Láti bákónì, mò ń gbọ́ ohùn àwọn ìyá nínú fóònù. Wọ́n ṣì ń bẹ Ọlọ́run pé kó mú Bàbá Fúnmi jáde nínú yàrá. Wọn ò mọ̀ pé ó ti wà ní kíṣìnì.

Ibẹ̀ ni a wà nígbà tí Alhaja Ṣìfáwù pè láti ìsàlẹ̀.

“Bàbá Fúnmi, ẹ má bínú o, ìpara yẹn ò tíì dé. Èyí tí mo fún yín lọ́jọ́sí ló kẹ́yìn lọ́wọ́ mi.”

Mo yọjú lójú fèrèsé. Mo ní, “Alhaja, ìpara wo?”

Ó ní, “Ìpara inú agolo kékeré, èyí tó máa ń ta lójú. Ìyá Fúnmi, mo ti ń bi ara mi o, pé ṣé Bàbá ń fi jẹ búrẹ́dì ni. Ìwọ̀nba tí mo ní, òun nìkan ló rà á tán.”

Mo yí padà, mo wo Bàbá. Bàbá ń wo àjà.

Ó jẹ́wọ́ fún mi. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nínú fóònù ló ní kí èèyàn máa fi ìpara yẹn dí ihò imú, kí àìsàn má rí ibi gbà wọlé. Àárọ̀ ọjọ́ tó tilẹ̀kùn gan-an ló bẹ̀rẹ̀, nígbà tí mo lọ fọ aṣọ. Ó ń pa á láàárọ̀, ó ń pa á lọ́sàn-án, ó ń pa á nírọ̀lẹ́. Ẹ mọ bí ìpara yẹn ṣe rí. Bí wọ́n bá pa á sẹ́sẹ̀ ẹnì kan níbí yìí, àwọn tó jókòó lẹ́yìn á mọ̀. Òun wá ń pa á sínú imú, ó tún gbé ọṣẹ sí i, ó ní òun ò gbóòórùn ọṣẹ. Òórùn wo ló fẹ́ rí ọ̀nà kọjá níbẹ̀? Nígbà tí ìpara tán, tí Alhaja náà ò sì rí òmíràn rà, imú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í là fúnra rẹ̀, òun ò sì mọ̀. Ó ti sọ̀rètí nù, kò dán an wò mọ́.

Nígbà tí mo sọ fún Fúnmi, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi ń sunkún. Ó wá ní, “Ṣùgbọ́n Màmi, ìpara ló tán o. Kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu.”

Mo ní, “Ta ló jẹ́ kó tán? Ta ló ní kí ọkọ̀ ọlọ́jà má dé ọ̀dọ̀ Alhaja ní ọ̀sẹ̀ yẹn? Ta ló mú mi gbàgbé ìkòkò lórí iná, lọ́jọ́ tí mo fẹ́ pe àwọn elétò ìlera?” Ó ní òun gbà. Bóyá ó kàn gbà kí n lè jẹ́ kó sùn ni.

Ẹ̀wà tó wà lókè ìkòkò kò jóná púpọ̀. A bù ú, a da epo sí i, èmi àti ọkọ mi sì jókòó sídìí tábìlì kan náà, a jẹ ẹ́. Òórùn èéfín wà lára rẹ̀. Bàbá jẹ tirẹ̀ tán, ó ní kí n fi kún un.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé mo ń fi àìsàn yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Kì í ṣe eré. Gbogbo wa ló mọ àwọn tó máa ń jókòó pẹ̀lú wa níbí tí a kò rí mọ́. Kí Ọlọ́run tu àwọn ará ilé wọn nínú. Bó bá jẹ́ pé ara ọkọ mi gbóná ni, tàbí kó máa wúkọ́, mi ò ní dúró de ọ̀sán ọjọ́ kejì, n ó pè wọ́n lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ń ṣe é nílé yín, ẹ pè wọ́n, kí ẹ sì máa gbàdúrà lọ.

Ẹ má sì rò pé gbogbo ẹ̀rù náà lọ lọ́jọ́ yẹn. Imú là, àyà ò tíì là. Ó ṣì máa ń sọ pé ẹnì kan jókòó lé òun láyà. Nígbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà díẹ̀, mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga díẹ̀, ó fún un ní oògùn, ó ní ṣùgbọ́n àyà fífún yẹn, ìpayà ló ń fà á. Ó ní kó máa rìn, kó máa sùn, kó dín ìròyìn kù. Mo gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni mò ń gbé e fún un, lẹ́yìn oúnjẹ, èmi náà á sì jókòó tì í. Bí ohùn kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nínú rẹ̀, n ó ní, “Ta ni bàbá ẹni yìí?” Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ó ń pa á nìyẹn. Nírọ̀lẹ́, a máa ń rìn yí ilé ká, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àwọn ará ẹsíteètì á máa pè wá ní ọkọ àti ìyàwó tuntun.

Bí ẹ̀rù náà bá sì dé, ó máa ń dé o, kì í tilẹ̀kùn mọ́. Á kàn wá mi wá síbi tí mo bá wà, ó lè jẹ́ ibi tí mo ti ń fọ aṣọ, á ní, “Àbẹ̀kẹ́, ó ti dé.” N ó nu ọwọ́ mi, n ó jókòó tì í. N kì í sọ pé kó má bẹ̀rù. Mo ti rí i pé ìyẹn kì í ran èèyàn lọ́wọ́. N ó kàn sọ pé, “Ó dáa, ẹ jẹ́ ká jókòó títí á fi lọ.” A ó pe orúkọ Jésù, a ó máa mí, èmi á mí, òun á mí. Ó máa ń lọ. Kò tíì sí ọjọ́ kan tí kò lọ.

Ohun tí mo fi ń dúpẹ́ nìyẹn. Ọlọ́run gbà mí lọ́wọ́ opó tí ẹ̀rù fẹ́ sọ mí dà. Bí ẹnikẹ́ni bá wà níbí tó ní ẹni tó tilẹ̀kùn mọ́rí nílé, bóyá ọkọ ni, bóyá ọmọ ni, ẹ má bá a jà. Ẹ gbé àga lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ẹ jókòó síbẹ̀. Kí Ọlọ́run tó gbọ́ tiwa gbọ́ tiyín.

Bàbá Fúnmi, ẹ dìde kí wọ́n rí yín. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́. Ẹ dìde díẹ̀, ẹ lè tún jókòó. Ẹ ṣeun.

Ẹ̀yin ará, ọkọ mi nìyẹn. Ẹ wò ó bó ṣe dúró. Ẹ bá mi yọ̀, ẹ bá mi fi gbogbo ògo fún Ọlọ́run.